Bí Mo Ṣe Lọ Bá Ẹ̀rọ Ìwọ̀n Sọ̀rọ̀ ní Ọ̀tà

Ẹ̀yin ará Ṣakí, mo ti dé. Eruku ọ̀nà ṣì wà lọ́fun mi, orúnkún mi sì ń ro mí, àmọ́ inú mi dùn débi pé mi ò lè dúró kí ara kọ́kọ́ balẹ̀ kí n tó mú gègé. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló rí mi ní gáréèjì lọ́jọ́ tí mò ń lọ, tí ẹ bi mí pé kí ni ìyá arúgbó ń wá lọ sí Ọ̀tà pẹ̀lú báàgì tó kún fún wáyà. Mo ní mò ń lọ kí ẹbí. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo òótọ́.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi lọ ti dé etí yín kó tó dé etí tèmi. Ẹ ní Ràímì, ọmọ Ìyá Àgbà agbo ilé wa, tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀tà láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, ti di olè. Ẹ ní ó ń bá àwọn awakọ̀ lẹ̀dí àpò pọ̀. Mo gbọ́ ọ níbi ìsọmọlórúkọ, mo tún gbọ́ ọ nídìí ẹ̀rọ ata. Ìyá Àgbà fúnra wọn gbọ́ ọ. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí, wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n sì bi mí bóyá iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mo ṣe ní Ìbàdàn nígbà kan ṣì wà lórí mi. Mo ní díẹ̀ kù níbẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé díẹ̀ náà lọ bá ọmọ àwọn.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé inú fóònù ni wọ́n ti bí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí èmi ń fi í jẹun, ó wúwo bí àpótí aṣọ ìyàwó, kò sì mọ nǹkan kan yàtọ̀ sí ohun tí ènìyàn bá jókòó kọ fún un. Èmi wà lára àwọn tó ń jókòó kọ ọ́. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù ni kí n mú kí kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ míì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ gba inú wáyà, irú ọ̀rọ̀ tó sì wà ní Ọ̀tà gan-an nìyẹn.

Ilé iṣẹ́ tí Ẹ̀gbọ́n Ràímì wà, irin ni wọ́n ń yọ́ níbẹ̀. Tírélà máa ń kó àjákù irin wá, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní kọ̀ndẹ́ẹ̀mù, á gun ẹ̀rọ ìwọ̀n tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ náà á sì fi wáyà ran ìwọ̀n ẹrù sí kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà á tọ́jú ìwọ̀n yẹn pẹ̀lú orúkọ awakọ̀. Láti bí oṣù mélòó kan, ìwọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù. Orúkọ awakọ̀ á wà níbẹ̀, àyè ìwọ̀n á ṣófo, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé nígbà tó bá jẹ́ Ẹ̀gbọ́n ló wà lórí àga nìkan ni. Àwọn ọ̀gá ní ṣe ló ń pa ìwọ̀n rẹ́ kí àwọn awakọ̀ lè jí irin tà. Wọ́n fún un títí di Jímọ̀ kí ó ṣàlàyé ara rẹ̀. Ó sọ fún mi lórí fóònù pé iṣẹ́ kọ́ ló ń dun òun, pé òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì tẹ́lẹ̀. Ohun tó ń dùn ún ni pé òun ò ní lè wọ Ṣakí lójú ọ̀sán mọ́.

Sáńgò

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ dá yín lágara. Mo wọ ọkọ̀, ọkọ̀ sì gbé mi dé.

Abẹ́ bíríìjì Sáńgò, níbi tí wọ́n ti ń wọ Ọ̀tà, ni mo ti mọ̀ pé mo ti di àjèjì. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo tún gèlè mi ṣe, mo sì kí ẹni àkọ́kọ́ tó kọjá pé ẹ kú ọ̀sán. Kò dá mi lóhùn. Mo kí ẹnì kejì, òun wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíì ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹnì kẹta, obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n, ní òun ò fẹ́ ra nǹkan kan. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá kọjá láìkíni, a ó bèèrè lọ́wọ́ ará ilé rẹ̀ bóyá ara rẹ̀ ò yá. Inú bí mi. Mo sọ ọ́ síta pé irú ìlú wo nìyí, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ìyẹn náà, torí ariwo hóònù pọ̀ ju ohùn mi lọ.

Ọlọ́kadà kan ló gbà mí. Ó gbọ́ bí mo ṣe ń dún, ó ní, “Màmá, Òkè-Ògùn lẹ ti ń bọ̀.” Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Ó gbé báàgì mi síwájú, ó kí mi kú ìrìn, ó kí mi kú ewu, ó bi mí bóyá òjò ti rọ̀ lọ́hùn-ún. Ó ṣàlàyé fún mi pé kì í ṣe pé àwọn ará ibí ò lẹ́kọ̀ọ́, pé iṣẹ́ ló ń lé olúkúlùkù. Ẹni tó bá pẹ́ dé ẹnu géètì, wọ́n á ti í mọ́ ìta. Mo ní ṣé ẹnu wọn náà ni wọ́n tì mọ́ ìta. Ó rẹ́rìn-ín títí tí ọ̀kadà fi fẹ́ gbé wa wọ kòtò.

Ní Ìyànà Ìyesí, ebi mú mi, mo sì ní kó dúró. Obìnrin Ègùn kan ló ń ta ẹ̀wà aganyin níbẹ̀, ata rẹ̀ dúdú, epo rẹ̀ ń dán, àwọn ọmọ yunifásítì yí i ká bí eṣinṣin. Ó rí ewú orí mi, ó pa gbogbo wọn tì, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó kọ́kọ́ bu tèmi. Mo fi búrẹ́dì jẹ ẹ́ ní ìdúró, èmi tí mo máa ń bá àwọn ọmọ mi jà pé wọn ò gbọ́dọ̀ jẹun ní ìdúró. Mo ní kó tún bu òmíràn. Láti ibẹ̀ ni ọkàn mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sí Ọ̀tà.

Òkèlè funfun

Àtàn, ìtòsí Ọ̀tà, ni Ẹ̀gbọ́n ń gbé, nínú ilé tí kò sí ará ìlú kan náà méjì nínú rẹ̀. Yàrá kan jẹ́ ti ará Ìkirè, èkejì ti ará Ìmẹ̀kọ, èyí tó kàn ti ẹnì kan tó ní Ìrágbìjí ni òun ti wá ṣùgbọ́n tó ti gbàgbé ọ̀nà ibẹ̀. Iṣẹ́ ló kó gbogbo wọn jọ. Níwọ̀n bí gbogbo wọn ti jẹ́ àjèjì, kò sẹ́ni tó fi ìyẹn wò mí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ń pè mí ní Ìyá Ọ̀yọ́, wọ́n sì ti ní kí n wá bá àwọn yanjú ìjà orí omi ẹ̀rọ.

Ìyá Sẹ́fíù, ìyàwó Ẹ̀gbọ́n, gbé oúnjẹ wá. Mo ṣí abọ́, mo rí òkèlè funfun báláú. Mo bèèrè bóyá fùfú ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Láfún ni, ẹ̀gẹ́ oko Alápòtì nítòsí ibẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì se ilá ẹlẹ́ja sí i. Èmi tí mo gbà pé òkèlè tí kò bá dúdú kì í ṣe òkèlè, mo tọ́ ọ wò tìfura-tìfura. Mo ní láti jẹ́wọ́ pé ó dùn, ó rọ̀, kò sì fún mi ní wàhálà ikùn kankan. Ẹ má sọ fún ìyàwó ọmọ mi, tó ń ro àmàlà fún mi, pé mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ kí mi fún ìgbà pípẹ́. Ẹ mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ló wà láti kékeré. Ó bèèrè Ìyá Àgbà, ó bèèrè àwọn ọmọ mi ní orúkọ-orúkọ, ó bèèrè orúnkún mi, òrùlé tí ìjì ṣí, àti ewúrẹ́ tó bí lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ìyàwó Múfútáù aládùúgbò wa. Kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ olè títí wọ́n fi kó abọ́ kúrò. Àmọ́ mo rí i pé òkèlè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wà bó ṣe wà. Ìyá Sẹ́fíù sọ fún mi nínú ilé ìdáná pé bó ṣe ń jẹun nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti pè é lólè, pé òun ti bá a dín aṣọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan torí ó ń rù, òun sì tún fẹ́ dín in.

Ojúlùmọ̀ àtijọ́

Ní òwúrọ̀, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì bi mí pé, “Mama, who you dey find?” Mo ní mo wá tún kọ̀ǹpútà ìwọ̀n ṣe. Ó wo ẹ̀yìn mi, ó ń wá ọkùnrin tó gbé àpótí irinṣẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tí kò rí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí n wọlé, kí n máa fi ẹ̀sọ̀ rìn nítorí irin.

Ọ̀gbẹ́ni Adégòkè ni ọ̀gá tó ń bójú tó àgbàlá yẹn. Ọmọ Ìkirun ni, kò tíì pé àádọ́ta ọdún, ẹni tó mọṣẹ́ ni, kì í sì í sọ ìsọkúsọ. Ìwà rẹ̀ kan ṣoṣo tí mi ò fẹ́ ni pé kì í dúró; bó bá ń kí ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń lọ. Ó ní Bàbá, bó ṣe ń pe Ẹ̀gbọ́n, ti bẹ òun pé kí ẹni tí wọ́n bá yàn kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ náà, òun sì gbà nítorí ọjọ́ orí wọn. Ó wá sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an: ẹ̀rọ kan náà, kọ̀ǹpútà kan náà, Kẹ́mi, tí òun àti Bàbá jọ ń ṣe iṣẹ́ náà, máa ń lò ó, kì í sọ ìwọ̀n nù. Bàbá ń lò ó, ìwọ̀n ń sọnù. Àwọn awakọ̀ sì fẹ́ràn Bàbá ju bó ti yẹ lọ. “Mà, ẹ̀yin náà ẹ wò ó,” ló wí. “Kí ni wọ́n máa ń bára wọn sọ lójú fèrèsé tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?”

Mo ní kó mú mi lọ síbẹ̀.

Ilé kékeré onígíláàsì kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìwọ̀n. Nígbà tí mo wọlé, tí mo rí kọ̀ǹpútà náà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Ara rẹ̀ ti pọ́n bí eyín ẹni tó ń jẹ obì, kíbọọ̀dù rẹ̀ nípọn, ó ń dún wọ́ọ́ bí wọ́n ṣe máa ń dún láyé ìgbà náà. Mi ò tíì rí irú rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Ìbàdàn. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní Ọ̀tà ló ṣì ní irú rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, torí iṣẹ́ tó ń ṣe kò tíì yí padà, òun náà kò sì tíì kú. Mo fọwọ́ kàn án lórí. Mo kí i kú ọjọ́ mẹ́ta, kí n má parọ́ fún yín, omi sì lé sí mi lójú.

Ẹnu ọ̀nà tó gba ẹyọ kan

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ibí yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ní ihò kan lẹ́yìn tí wáyà ẹ̀rọ ìwọ̀n ń gbà wọlé. Nọ́ńbà kì í rọ́ wọlé pa pọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tò wọlé, bí ọmọ iléèwé. Ẹnu ọ̀nà náà kò sì fẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ló lè dúró síbẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà ò bá tíì gbé e kúrò kí òmíràn tó dé, èyí tó dé gbẹ̀yìn á gba ipò rẹ̀, ti àkọ́kọ́ á sì ṣòfò.

Ọ̀nà méjì la fi ń gba irú àlejò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu á ní kí kọ̀ǹpútà máa sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà ṣáá, kó máa bèèrè bóyá nǹkan ti dé, kò sì ní ráyè ṣe iṣẹ́ míì. Ọ̀nà kejì, tí èmi fẹ́ràn, ni ìdálọ́wọ́kọ́. Kọ̀ǹpútà á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ; bí nọ́ńbà bá dé, adènà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nínú kọ̀ǹpútà á kàn án lára. Á sàmì síbi tó bá iṣẹ́ dé, á gba nọ́ńbà, á jù ú sínú apẹ̀rẹ̀, á sọ fún adènà pé òun ti gbà á, á sì padà sídìí iṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó dìde. Obìnrin tó ń din àkàrà mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa: ọmọ aládùúgbò gbé abọ́ dé, ó gbà á, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó padà sórí epo. Bó bá jókòó ti ọmọ náà, àkàrà á jóná. Ẹni tó kọ ètò náà, ìyẹn àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, lè ti ilẹ̀kùn náà pátápátá fún ìgbà díẹ̀, bó bá ní iṣẹ́ ẹlẹgẹ́ lọ́wọ́, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ tètè ṣí i.

Mo yẹ wáyà wò, mo nu ojú ihò náà, mo fi ẹ̀rọ kékeré tí mo gbé wá nínú báàgì ran nọ́ńbà sí i títí ọwọ́ fi ro mí. Ẹyọ kan kò sọnù. Ìgbà tó di ọ̀sán, mo jókòó ti Kẹ́mi, ọmọbìnrin Ìmẹ̀kọ tó ń pín àga náà pẹ̀lú Ẹ̀gbọ́n. Ìka rẹ̀ yá. Tírélà ò tíì dúró tán, ó ti tẹ orúkọ awakọ̀ wọlé, ìwọ̀n á sì wọlé tẹ̀lé e. Kò sí èyí tó sọnù lọ́wọ́ òun náà. Ọ̀gá kọjá, ó wo ojú mi, àánú mi sì ṣe é.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ fún yín. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bí mo ṣe ń padà lọ sí Àtàn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi bóyá Ẹ̀gbọ́n ti ṣe é. Ẹ̀rọ náà kò ní àìsàn kankan tí mo rí. Mo ń ro bí màá ṣe wo ojú Ìyá Àgbà, mi ò sì lè jẹ láfún ọjọ́ náà.

Ojú fèrèsé

Lọ́jọ́ kejì, Ẹ̀gbọ́n ló wà lórí àga. Mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀, mo ń wò ó. Tírélà kan gun ẹ̀rọ ìwọ̀n, Sàbíù, ará Ìlọrin, ló wà nídìí ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n tẹ lẹ́tà méjì nínú orúkọ rẹ̀, ó wá yíjú sí fèrèsé.

Ó kí i kú ewu ọ̀nà. Ó bi í níbo ló sùn sí. Ó bèèrè ìyàwó rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó bèèrè orúkọ ọmọ, Sàbíù ní Àmínà ni, ó ṣàdúrà fún Àmínà, wọ́n jọ ṣe àmín. Ó bèèrè ìyá Sàbíù tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ní gbogbo ìgbà yẹn, nọ́ńbà pupa tó wà lójú ẹ̀rọ ìwọ̀n ti dúró, iná kékeré tó ń fi hàn pé ó ti ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ti tàn, ó sì ti kú. Ẹ̀gbọ́n padà sórí kíbọọ̀dù, ó parí orúkọ, ó tẹ ẹ́ wọlé. Ojú kọ̀ǹpútà mọ́, ó ń retí ẹni tó kàn. Mo bẹ̀ ẹ́ kó sún, mo wo ohun tí kọ̀ǹpútà tọ́jú. Orúkọ Sàbíù wà níbẹ̀. Àyè ìwọ̀n ṣófo.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ń bọ̀ yìí, ẹ má kí i. Ẹ kàn tẹ orúkọ.”

Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó bọ́ aṣọ. “Àṣàkẹ́, kí n má kí i?”

Mo ní ẹyọ kan yìí péré. Ó ṣe é, ojú rẹ̀ le bí ẹni tí eyín ń dùn. Ìwọ̀n wọlé ní pípé. Awakọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀, ó wá yọjú sí fèrèsé, ó ń bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ta ló ṣẹ Bàbá, àbí ara wọn ò yá ni. Ẹ̀rín tó bọ́ lẹ́nu mi, ẹ̀ṣọ́ gbọ́ ọ ní géètì.

Ètò náà ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe fi sílẹ̀, mo sì kà á láti òkè dé ilẹ̀. Ẹni náà ti ti ilẹ̀kùn ní gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá ń tẹ orúkọ, kí nọ́ńbà má bàa wá fọ́n ká sáàárín lẹ́tà. Ó rò pé orúkọ kì í pẹ́ tẹ̀, kò sì ro ti ìkíni mọ́ ọn. Láyé ẹ̀rọ ìwọ̀n àtijọ́, kò sí wàhálà, torí ẹ̀rọ yẹn kì í sọ̀rọ̀ àfi bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n á kí ẹni tó fẹ́ kí tán, á parí orúkọ, á wá tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n gbé wá lọ́dún yìí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí tírélà bá ti fìdí múlẹ̀, á sọ ìwọ̀n lẹ́ẹ̀kan, á sì dákẹ́. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n tì ló ń bá sọ̀rọ̀, nígbà tí Ẹ̀gbọ́n ṣì ń bèèrè ìyá awakọ̀.

Àtúnṣe

Mo ránṣẹ́ pe Ọ̀gbẹ́ni Adégòkè, mo fi hàn án lójú ara rẹ̀, a fi tírélà méjì dán an wò. Ó ní ó dáa, pé òun ti rí i, ọ̀rọ̀ náà sì rọrùn. “Bàbá, láti òní lọ, ẹ má kí wọn mọ́. Orúkọ, enter, next. Simple.”

Ẹ̀gbọ́n tẹrí ba. Ó ní, “Ó dáa, sà.”

Èyí ló dùn mí ju gbogbo ohun tí mo ti rí ní Ọ̀tà lọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba orúkọ olè kúrò lọ́rùn rẹ̀ ni, wọ́n tún fẹ́ gba ẹnu rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti gbà. Mo dìde. Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ̀rọ la máa tún ṣe. A ò ní tún àgbà ṣe.”

Ọ̀gá ní kì í ṣe ìwọ̀sí. Mo ní mo mọ̀. Mo wá sọ fún un pé àwọn ọkùnrin yìí ń kó irin wá láti Òkè Ọya, wọ́n ń sùn sábẹ́ ọkọ̀, ojú fèrèsé yìí sì ni ibi àkọ́kọ́ tí ẹnì kan ti ń bèèrè ọmọ wọn. Kẹ́mi, tí ó ti dé láti gba iṣẹ́, dá sí i pé òótọ́ ni, pé bí òun bá wà lórí àga, ìbéèrè àkọ́kọ́ wọn ni pé Daddy dà. Ọ̀gá wo aago, ó ní kí n ṣe é, àmọ́ kí tírélà má tò dé títì.

Mo jókòó. Ìka mi kọ́kọ́ le, ó wá rọ̀. Mo yọ ìlà tó ń ti ilẹ̀kùn kúrò, mo ṣe apẹ̀rẹ̀ kan tí nọ́ńbà á máa bọ́ sí ní gbogbo ìgbà, yálà wọ́n ń tẹ orúkọ tàbí wọ́n ń ṣàdúrà. Kò ní hàn lójú kọ̀ǹpútà títí orúkọ á fi parí. Ìgbà yẹn ni ètò á yọjú sínú apẹ̀rẹ̀, á kó ìwọ̀n síbi tó yẹ. Inú mi dùn bí ti ọmọ tó rí omi òjò. Mo ní kí Kẹ́mi gba tírélà kan wọlé. Nọ́ńbà kan ṣoṣo wọlé, ìyókù dákẹ́, ìwọ̀n tírélà kejì kò tiẹ̀ wọlé rárá. Ọ̀gá tẹjú mọ́ mi. Mo yẹ iṣẹ́ mi wò, mo sì rí i pé mo ti gbàgbé láti sọ fún adènà pé mo ti gba èyí tó kọ́kọ́ gbé wá. Adènà inú kọ̀ǹpútà kì í bínú, kì í sì í ránni létí. Bí o ò bá dá a lóhùn, kò ní mú àlejò míì wá mọ́. Èmi tí mò ń bá gbogbo Sáńgò jà pé wọn ò mọ ìkíni. Mo fi ìlà kan ṣoṣo kún un.

Sàbíù ti já ẹrù rẹ̀ nígbà náà, ó ń bọ̀ wá wọn ọkọ̀ òfìfo kó tó jáde. Kẹ́mi dìde fún Ẹ̀gbọ́n. Mo ní kó kí i bó ṣe wù ú. Ó tijú nítorí Ọ̀gá dúró tì í. Ó kàn ní kú iṣẹ́, ó sì dákẹ́. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ì bèèrè bí Àmínà ṣe ń sùn.” Ó bèèrè. Sàbíù ní kì í sùn. Ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n máa wẹ̀ ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ó bèèrè táyà ẹ̀yìn, ó bèèrè ọ̀nà Mọ́kwà, ó bèèrè ọ̀lọ́pàá ọ̀nà Mọ́kwà. Kẹ́mi fọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá ń wo aago, ó ń wo òkè ilé. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n wá parí orúkọ, tó tẹ ẹ́ wọlé, gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà. Ìwọ̀n wà níbẹ̀, kò sí nọ́ńbà kan tó dín.

A dán an wò títí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, kò sì sí èyí tó sọnù. Ọ̀gbẹ́ni Adégòkè wá síwájú Ẹ̀gbọ́n, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀. “Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Mo ti pè yín ní ohun tí ẹ kì í ṣe.” Ẹ̀gbọ́n gbé e dìde. Ó ní kò sí nǹkan. Ó wá bi í pé màmá rẹ̀ ní Ìkirun ńkọ́. Mo rò pé ẹsẹ̀ ọkùnrin yẹn á tún máa lọ, àmọ́ ó dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, ó sì pẹ́ lórí rẹ̀.

Fóònù

Nígbà tí a dé Àtàn, oòrùn ò tíì wọ̀. Ìyá Sẹ́fíù ti gbọ́, àwọn ará ilé náà ti gbọ́, ará Ìrágbìjí ti ra mínírà fún gbogbo wa. Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé, ó ní kí n bá òun pe Ìyá Àgbà. Mo mọ̀ pé obìnrin yẹn ò tíì jókòó dáadáa láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé. Mo pè wọ́n, mo fi fóònù sí gbangba kí gbogbo wa lè gbọ́.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ gbà mí. Ọkùnrin yìí bẹ̀rẹ̀ ìkíni. Ó kí ìyá rẹ̀ kú ìrọ̀lẹ́, kú àìrí, kú ìdúró. Ó bèèrè ẹ̀yìn wọn, ó bèèrè ojú wọn, ó bèèrè bóyá àkọ́bí Múfútáù ti ń bá wọn pọn omi. Ìyá Àgbà ń dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò yára, wọn ò sì bèèrè nǹkan kan. Ọwọ́ mi ń yún mi láti gba fóònù. Ìyá Sẹ́fíù di apá mi mú.

Lẹ́yìn èyí ni ohùn Ẹ̀gbọ́n yí padà.

“Màmá, wọ́n ti wò ó. Ẹ ò bí olè.”

A gbọ́ tí Ìyá Àgbà mí kanlẹ̀ lọ́hùn-ún.

“Mo mọ̀,” ni wọ́n wí. “Ṣé o ti jẹun?”